Fìlà Kékeré Lópin Ìlà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Ọ̀sẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ó ti rẹ̀ mí. Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ló wà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀. Ìgbà mọ́kànlá ni mo gùn ún lónìí, fláàṣì lọ́rùn mi bíi kọ́kọ́rọ́ ilé olówó. Orúnkún ọ̀tún ń ké. Èmi náà ń ké, inú ni tèmi wà.

Obìnrin kan bi mí nínú ọkọ̀ pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní a máa ń sọ ìwé di bíréèlì, ìwé oníkókó wẹ́wẹ́ tí àwọn tí kò ríran ń fi ìka kà. Ó ní, ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́run o. Iṣẹ́ Ọlọ́run! Kó wá gun àtẹ̀gùn yẹn wò.

Gbogbo ẹ̀ ò ju báyìí lọ. Lókè, mo ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú Ìyá Àgbà — kọ̀ǹpútà àtijọ́, mo bá a níbẹ̀ ni. Ẹ̀rọ kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á lu ẹ̀dà kan péré jáde. Bàbá Ìka, tí òun náà kò ríran, á fi ìka kà á wò. Tó bá ti ní "ó péye," mo ki fáìlì sínú fláàṣì, ó di ìsàlẹ̀, lọ́dọ̀ Ọkọ Ìyàwó — kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n gbé dé lóṣù kọkànlá, tó ń ṣe bí àlejò di bá a ṣe ń wí yìí. Òun ló ń pàṣẹ fún Àkókó, ẹ̀rọ ńlá tó ń lu kókó sára bébà títí ilẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Bó jẹ́ ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà, bó jẹ́ igba, èmi ni mò ń kó o, èmi ni mò ń dì í.

Igba ẹ̀dà ìwé ìtọ́jú ọmọ jòjòló ló tún ń bọ̀ nílẹ̀ yìí. Ẹ̀yìn mi ti gbọ́, ó ti ń dùn mí sílẹ̀ dè é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Àkókó jẹ bébà. Mo ń fà á lẹ́nu ẹ̀ títí di ọ̀sán. Ó tán.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

A ka orí mẹ́ta lónìí, èmi àti Bàbá Ìka. Bá a ṣe máa ń ṣe é náà ni: mo jókòó síwájú rẹ̀, mo ń ka ìwé títẹ̀ sókè, òun ń fi ìka tọ bíréèlì lẹ́yìn ohùn mi. Tó bá yàtọ̀ sí ohun tí mo kà, á ní "dúró," mo ṣàmì síbẹ̀. Tí kò bá yàtọ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń kàwé fún un bẹ́ẹ̀. Mi ò kàwé fún àwọn ìbejì mi tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré.

Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé wọ́n ń lé ẹ ni? Rọra. Ẹni tó máa bí ìwé yìí ò tíì rọbí." Mo rẹ́rìn-ín títí ojú mi fi ṣomi. Òun nìkan ló ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn.

Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti wà nídìí tábìlì yẹn. Ó ku ọdún kan àti oṣù mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì. Ó ń ka oṣù rẹ̀ bí ọmọ iléèwé ṣe ń ka ọjọ́ họlidé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Ọjọ́ burúkú.

Ọ̀gá pè wá. A gbọ́ bàtà rẹ̀ ká tó rí i, kò-kò-kà, kò-kò-kà. Ìdí tí mo fi ń pè é ní Kòkòkà nìyẹn, nínú ìwé yìí nìkan o, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó rí i.

Ìyá ọlọ́mọ kan ló fóònù. Kò ríran. Ọmọ oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́, ara ọmọ gbóná. Ó gbé ìwé ìtọ́jú ọmọ jòjòló wa, èyí tí a tẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà lóṣù tó kọjá, ó wá ibi tí ìwọ̀n oògùn wà. Ó yẹ kí ìlà kan parí sí mílì 5, kí ìlà tó tẹ̀ lé e wá fi nọ́ńbà 2 bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹ̀dà tirẹ̀, méjèèjì lẹ̀ mọ́ra. Ó wá bi Kòkòkà lórí fóònù pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé márùn-ún ni kí n fún un ni, àbí méjìléláàádọ́ta?"

Ọpẹ́lọpẹ́ pé obìnrin náà béèrè. Ẹni tí kò bá béèrè ńkọ́?

Kòkòkà gbé ẹ̀dà kan síwájú Bàbá Ìka. Ó ní ọ̀rọ̀ lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ látòkè délẹ̀, pé àwọn kan ti fẹjọ́ sùn lórí ìwé méjì tó ṣáájú èyí náà, òun kàn ń wò wá ni. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ pé ó péye. Ẹ bá mi kà á." Bàbá Ìka ò fọwọ́ kàn án. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá. Ó ní èyí tí òun kà péye, òun ò sì ní jókòó síbẹ̀ kí wọ́n máa dán òun wò bí ọmọ kíláàsì kìíní lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún.

Kòkòkà wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó ní ṣé ìka ti ń rẹ̀ wọ́n ni, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tí kò bá sí àlàyé kankan kí oṣù tó parí, kí Bàbá lọ sinmi nílé.

Sinmi. Bí wọ́n ṣe ń pè é báyìí nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Inú ń bí mi débi pé mo gún ìka ara mi pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí mo fi ń dìwé. Ìka Bàbá Ìka kọ́ ló máa ṣìnà. Lójú mi báyìí ló ti fi ìka mú àmì ìdánudúró kan ṣoṣo nínú ìwé olójú-ewé irínwó. Mo ti gbé ẹ̀dà àkọ́kà tí òun fọwọ́ sí jáde látinú dúrọ́ọ̀. Mo mú ojú ewé kan nínú èyí tí obìnrin yẹn ń rojọ́ rẹ̀ náà. Mo ń kó méjèèjì lọ sílé. Tí kì í bá ṣe ìka ló ṣì í, nǹkan kan ló ṣì í, màá sì rí nǹkan náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo tẹ́ ojú ewé méjèèjì sórí tábìlì tí ọkọ mi fi ń gé aṣọ. Mo mọ lẹ́tà bíréèlì díẹ̀díẹ̀ tí mo bá fi ojú wò ó, bí ọmọ jẹ́léósinmi ṣe ń mọ lẹ́tà. Mo ń fi pẹ́ńsù tò ó lọ, orí ń fọ́ mi.

Télọ̀ mi kọjá, ó dúró, téèpù lọ́rùn. Kò mọ A yàtọ̀ sí B nínú bíréèlì. Ó ní, "Ṣé ẹnì kan náà ló gé méjèèjì?" Mo ní kí ló rí. Ó ní etí ọ̀tún èyí jágajàga, ìlà kan gùn, ìkan kúrú. Etí ọ̀tún ìkejì gún gbọọrọ bí ẹni fi rúlà gé e. "Ẹni tó gé èyí tó gún yìí ò tẹ̀ lé ṣọ́ọ̀kì. Ó kàn ń gé lọ títí aṣọ fi tán ni."

Mo gbé ojú sókè wò ó. Ọdún méjìlélógún tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, ìgbà kọ̀ọ̀kan ló máa ń já sí nǹkan.

Òótọ́ ni. Àkókó ò mọ ibi tí ìlà parí sí. Ó kàn ń lu kókó lọ títí bébà fi tán.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Mo ṣí fáìlì náà lójú Ìyá Àgbà, ìlà kọ̀ọ̀kan parí síbi tó yẹ. Mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo ṣí i lójú Ọkọ Ìyàwó, ó parí síbi tó yẹ níbẹ̀ náà. Síbẹ̀ Àkókó ń lẹ̀ wọ́n pọ̀. Mo ní kí Bàbá Ìka fọkàn balẹ̀, pé ẹ̀rọ ló ń ṣe é, kì í ṣòun. Ó ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Mo ní bí ọjọ́ ṣe ń mọ́. Ó kàn mi orí.

Mo pe Dókítà Wáyà, ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ní ọ̀la.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Kò wá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Kò wá. Ó ní òun ti wà lọ́nà. Ọ̀nà yẹn gùn o.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó wá.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, kó má sá mọ́ mi lórí. Ó ní kí n rántí taipuráítà. Tí ìlà bá parí, o ó tì í padà sápá òsì, o ó sì yí bébà sókè. Ohun méjì nìyẹn. Àwọn kọ̀ǹpútà bí Ìyá Àgbà ṣì ń kọ méjèèjì sílẹ̀ lópin gbogbo ìlà, àmì méjì tí ojú kì í rí. Ìkan ń sọ pé "padà," ìkejì ń sọ pé "sọ̀kalẹ̀." Àwọn tó ṣe irú Ọkọ Ìyàwó ní tiwọn ní kí lèèyàn ń fi méjì ṣe, "sọ̀kalẹ̀" nìkan ti tó. Tí wọ́n bá wá rí "padà," wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa fi í ṣe, wọ́n á kàn yà á sójú kọ̀ǹpútà bíi fìlà kékeré kan, pẹ̀lú lẹ́tà M lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ^M.

Fìlà kékeré. Mo ti rí fìlà yẹn rí.

Ó ní Àkókó ẹ̀wẹ̀, "padà" nìkan ni etí tirẹ̀ ń gbọ́. Tí kò bá ti sí "padà," kò mọ̀ pé ìlà ti parí, á máa lù ú lọ títí dé etí bébà, á já ọ̀rọ̀ sí méjì, á so ìparí èyí mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tọ̀hún. Ó wá tẹ nǹkan, ó wo fáìlì náà nínú, ó mi orí. "Mọ̀mí, fáìlì tẹ́ ẹ gbé wá látòkè ní 'padà' nínú. Èyí tó wà nísàlẹ̀ níbí ò ní ẹyọ kan. Kì í sì í yọ fúnra ẹ̀ o. Ta ló yọ ọ́?"

Mo ní kò yé mi.

Irọ́ ni mo pa.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Èmi ni.

Oṣù kọkànlá, ọ̀sẹ̀ tí Ọkọ Ìyàwó dé. Mo ṣí ìwé àkọ́kọ́ lójú rẹ̀, mo rí fìlà àti M lópin gbogbo ìlà, látòkè délẹ̀, bí ìgbà tí eṣinṣin yàgbẹ́ sára ògiri. Mo ní ìdọ̀tí nìyí. Mo ní fláàṣì ló kó ìdọ̀tí bá fáìlì mi. Ta ni màá bi? Dókítà Wáyà kì í wá. Kòkòkà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ nígbà yẹn, mi ò fẹ́ kó máa wò mí bí ìyá arúgbó tí kò mọ kọ̀ǹpútà. Mo wá bí wọ́n ṣe ń pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo pa á rẹ́. Ó mọ́ tónítóní. Inú mi dùn! Láti ìgbà yẹn, gbogbo ìwé tí mo bá gbé sọ̀kalẹ̀ ni mò ń wẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó kó o fún Àkókó. Ìwé mẹ́ta. Mo gbálẹ̀, mo gbá ìlẹ̀kùn ilé dànù mọ́ ọn.

Àwọn ojú ewé náà tún máa ń kún dáadáa, etí gún. Mo rò pé ó dára síi ni.

Ọmọ oṣù mẹ́jọ. Méjìléláàádọ́ta.

Bàbá Ìka sì wà lókè níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ̀ mi wọ́ ọ nílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo sọ fún Télọ̀ mi. Mo rò pé á bá mi sọkún ni, ó ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo ní ó dáa, tí wọ́n bá fún mi ní gbélé-ẹ, ṣé òwe yẹn la ó máa sè jẹ? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á rán ṣòkòtò sí i. Lẹ́yìn ìgbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Àgbàlagbà yẹn ò ṣe ẹ́ ní nǹkan kan."

Mo mọ̀. Ìdí tí mi ò fi lè jẹun nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo ti sọ ọ́.

Mo dúró níwájú Kòkòkà, mo sọ gbogbo ẹ̀ láìmí: fìlà, M, ìdọ̀tí, oṣù kọkànlá. Kò pariwo. Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò béèrè. Mo ní ojú ń tì mí. Ó ní òun náà ì bá má mọ̀. Ó wá ní kí n lọ gba ìwé wí-tẹnu-ẹ lọ́dọ̀ akọ̀wé, kí n sì pe gbogbo ẹni tó gba ìwé náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má lò ó mọ́.

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò jiyàn.

Òun fúnra rẹ̀ ló gun òkè lọ bẹ Bàbá Ìka. Mo tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀, pẹ̀lú bàtà yẹn. Bàbá ní kó dìde, kò sí nǹkan kan. Nígbà tó lọ tán, èmi náà kúnlẹ̀. Mo rò pé á bú mi tàbí kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo ti múra sílẹ̀ fún méjèèjì. Ó wá ní, "Àbí èyí tí mo kà péye?" Mo ní ó péye, Bàbá, èyí tí ẹ kà péye. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo tún dá a lóhùn. Ó ní, "Ó dáa."

Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn jù báyẹn lọ. Bóyá ó ti rẹ òun náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ìpè mọ́kànlélógójì. Etí mi ń hó. Ọkùnrin kan ṣépè fún mi, ó sì lẹ́tọ̀ọ́. Àwọn yòókù kàn ń dúpẹ́ pé mo pè. Ìyá ọmọ oṣù mẹ́jọ yẹn ní ara ọmọ ti balẹ̀, ó ní ìgbà wo ni èyí tó dára máa jáde. Mo ní láìpẹ́ mà. Ó ní òun gbẹ́kẹ̀ lé wa o, pé kò sí ẹlòmíì tí òun lè bi ní àárín òru tí ọmọ bá ń ké.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Ìpè mẹ́tàdínlógójì. Mo dáhùn ìwé wí-tẹnu-ẹ. Ojú ewé kan àtààbọ̀. Mo wẹ fáìlì, ẹ dákun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Ìpè tó kù tán.

Dókítà Wáyà wá, lọ́jọ́ tó dá. Ó fi nǹkan kékeré kan sínú Ọkọ Ìyàwó tó máa ń dá "padà" padà sí ipò rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ Àkókó. Ó ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́, bí mo bá rí fìlà, kí n kí i, kí n kọjá. Ó ní kí n lu orí oògùn yẹn jáde lẹ́ẹ̀mejì: lákọ̀ọ́kọ́ bí mo ṣe wẹ̀ ẹ́, kó lè fi ojú rí àìsàn náà, lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn àtúnṣe. Ìkíní etí gún. Ìkejì etí jágajàga. Mi ò mọ̀ pé etí jágajàga lè dùn mọ́ èèyàn tó báyẹn.

Kòkòkà ní àṣẹ tuntun: Bàbá Ìka gbọ́dọ̀ ka ẹ̀dà kan látẹnu Àkókó gangan, kí igba náà tó jáde. Àwọn ìyá ń dúró. Ọ̀la la ó kà á.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

A kà á.

Fúnra mi ni mo gbé e gun òkè, mi ò tilẹ̀ rántí orúnkún. Bàbá Ìka jókòó, mo tẹ́ bébà síwájú rẹ̀, mo ń ka ìwé títẹ̀, ohùn mi ń dún bíi ti ọmọbìnrin tó gbàwé àṣeyọrí. Ìka rẹ̀ ń tọ̀ mí lẹ́yìn. Nígbà tí mo dé ibi oògùn yẹn, mo dúró díẹ̀. Ó fi ìka kan ibẹ̀, pọ́n-pọ́n. "Mílì márùn-ún. Ìlà tuntun. Nọ́ńbà méjì." Ó rẹ́rìn-ín. "Ó péye, Ìyá Ìbejì. Ó péye gan-an." Ó fọwọ́ sí i.

Mo dì í mọ́ra. Mo fẹ́ sunkún.

Mo ń gbé bébà náà sọ̀kalẹ̀, ó ku àtẹ̀gùn mẹ́ta, oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé. Mo rí etí ọ̀tún rẹ̀. Ó gún gbọọrọ.

Mo wọ yàrá ìsàlẹ̀. Èyí tó dára wà lórí tábìlì níbi tí mo gbé e sí lánàá. Mi ò fọwọ́ kàn án rárá lónìí. Èyí tí ó lẹ̀ pọ̀ ni mo gbé fún un. Èyí tó lẹ̀ pọ̀ ló kà.

Mo jókòó sílẹ̀, lórí páálí bébà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Bóyá inú rẹ̀ dùn jù, kò fara balẹ̀.

Mo fi ojú ara mi rí i tó fi ìka kan ibẹ̀. Márùn-ún àti méjì lẹ̀ pọ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀ gan-an, ó ní ìlà tuntun.

Èmi ni mo ń kà á. Ọdún mọ́kànlá, èmi ni mò ń kà á sókè. Kí ló ṣẹ́ kù fún ìka láti ṣe? Mo ti ń ronú kan ìgbà tó sọ "dúró" gbẹ̀yìn. Mi ò rántí. Kì í ṣe oṣù yìí. Kì í ṣe ọdún yìí.

Télọ̀ mi bi mí pé kí ló tún dé. Mo ní orúnkún ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mi ò tíì jókòó tán tó fi ní, "Èwo lo gbé fún mi lọ́jọ́ Ẹtì?"

Ó ní òun gbọ́ ẹsẹ̀ mi lórí àtẹ̀gùn. Pé mo dúró ní àtẹ̀gùn mẹ́ta ìsàlẹ̀, mi ò sì gun òkè padà wá kí òun pé ó dàárọ̀. Mo ní èyí tó bàjẹ́ ni, Bàbá.

Ó wá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àtọ̀gbẹ ni. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ kú. Ó ní òun ní kò burú, ẹsẹ̀ kì í kàwé. Ó wá gun ọwọ́. Bí ẹni wọ ìbọ̀wọ́ ló ṣe bẹ̀rẹ̀, láti ọdún tó kọjá, lẹ́yìn náà kò tilẹ̀ dà bí nǹkan kan mọ́. Ó ní, "Ohùn ẹ ni mò ń kà. Tí o bá ti kọsẹ̀ níbì kan, màá ní dúró. Nígbà tó yá, o ò kọsẹ̀ mọ́. O ti mọ̀wé jù."

Mo bú sẹ́kún. Òun ló ń bẹ̀ mí. Ó ní ọjọ́ tí mo wá kúnlẹ̀ níwájú òun pé ẹ̀bi mi ni, òun fẹ́ sọ ọ́, ẹnu òun ò gbà á. Ó ní nígbà tí mo ní èyí tí òun kà péye, òun dúpẹ́, ojú sì ti òun pa pọ̀.

Ó wá ní, "Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta péré, Ìyá Ìbejì. Tí o bá ń yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀, tí èmi ń fọwọ́ sí i lókè, ta ló máa mọ̀?"

Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Mo ti rò ó lọ, rò ó bọ̀. Ojú mi ò tó bíréèlì kà, ìka tirẹ̀ ti kú, igba ìyá ló máa gba ìwé yẹn. Èmi tí mo wẹ fáìlì fún oṣù mẹ́rin láìbéèrè, èmi náà ni kí n tún wá jẹ́ ẹlẹ́rìí pé ó péye?

Mo lọ sí ìsàlẹ̀, mo ń ka páálí bébà tí mo ti kà tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo lọ sọ fún Kòkòkà láàárọ̀, kí n má bàa pa ọkàn dà.

Ó bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní gbogbo ìwé tó ti jáde láti ọdún tó kọjá, a ó tún un kà. Ó ti mọ obìnrin kan tó lè wá máa kà á, tí ìka rẹ̀ dáa. Ó ní owó ìfẹ̀yìntì Bàbá ò ní dín, òun á jà fún un dópin. Mo gbà á gbọ́. Síbẹ̀ ó ń dùn mí bíi pé mo ta á ni.

Nígbà tí mo gun òkè dé, ó ti kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì: ìgò omi, súwẹ́tà, rédíò kékeré. Ó ti gbọ́ bàtà Kòkòkà, bó ṣe ń lọ, bó ṣe ń bọ̀. Ó ní, "O ti sọ fún wọn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ní kí ó dárí jì mí. Ó ní òun mọ̀ látàná pé màá lọ, ohùn mi ò mọ irọ́ pa.

Ó dìde. Ọdún mọ́kànlá, ọ̀pá rẹ̀ ló fi ń rìn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa òun rí. Lónìí ó na ọwọ́ síwájú, ó ní kí n mú òun sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀.

Mo gba ìka rẹ̀ mú, gbogbo ẹ̀, mo dì í gírígírí. Ó tutù. A dúró bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ sinmi díẹ̀ ni, mo wá ń dúró dè é.

Ó yí ojú sí ìhà tí mo wà. Ó ní, "Kí la ń dúró dè? Ọwọ́ ẹ dà?"